Silent Hill 2 ti ọdún 2001: bí a ṣe ń tú àwọn àlọ́ rẹ̀, àti ohun tó ń pinnu ìparí

Òru-Ò-Molówó
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Géèmù ìbẹ̀rù Silent Hill 2 àtijọ́ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, èyí tí Konami gbé jáde fún PlayStation 2 lọ́dún 2001, tí James Sunderland, ẹni tí à ń fi gbá a, ti gba lẹ́tà láti ọwọ́ Mary ìyàwó rẹ̀ tó ti kú láti ọdún 3 sẹ́yìn. Ìbéèrè méjì ni. Báwo lèèyàn ṣe lè tú àwọn àlọ́ inú rẹ̀ láì kàn da ìdáhùn ẹlòmíì kọ? Èkejì, kí ló ń jẹ́ kí géèmù náà máa parí sí In Water, ọ̀kan nínú àwọn ìparí rẹ̀, ṣáá, nígbà tí kò síbi tí wọ́n ti ní kéèyàn yan ọ̀nà kankan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àṣírí lẹ́tà náà o. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Kọ́kọ́rọ́Mẹ́ta
Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ojú ìwé tí ẹ ti máa yan ìpele. Ìpele ìjà dá dúró lọ́tọ̀, ìpele àlọ́ náà dá dúró lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kánjú tẹ̀ ẹ́ kọjá, wọ́n á wá máa ráhùn nígbà tó bá yá.

Ti ìjà ní Beginner, Easy, Normal àti Hard. Òun ló ń pinnu bí àwọn abàmì ṣe lágbára tó àti iye ọta tí ẹ máa rí. Ti àlọ́ ní Easy, Normal àti Hard, ìkẹrin tó ń jẹ́ Extra kì í sì í yọjú àyàfi tí ẹ bá ti parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìpele àlọ́ kì í fi kún abàmì, kì í sì í dín wọn kù. Ọ̀rọ̀ inú ewì tó ń júwe ìdáhùn ló ń yí padà, ìdáhùn fúnra rẹ̀ sì ń yí padà níbi púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìjà kò bá dá lójú ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn àlọ́ lè fi ìjà sí Beginner kó fi àlọ́ sí Hard. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ló tiẹ̀ dára jù láti kọ́kọ́ gbá a, torí ewì inú Hard ni wọ́n fara balẹ̀ kọ jù.

Tí ẹ bá ń lo ìwé ìtọ́nisọ́nà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìpele àlọ́ yín ló ń sọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó fi ìdáhùn Easy sínú àlọ́ Hard, ẹ ó sì rò pé géèmù ló bàjẹ́.

ÌyáÀlọ́
Ẹ jẹ́ n fi kún un. Kí ẹ tó wá ìdáhùn kankan, ohun méjì wà tí géèmù náà fúnra rẹ̀ fi ń ràn yín lọ́wọ́ tí kò sì sọ fún yín.

Èkíní ni orí James. Tí nǹkan tó ṣeé mú tàbí tó ṣeé wò bá wà nítòsí, James á yí orí rẹ̀ sí i. Ẹ rọra rìn yí yàrá ká, ẹ má sáré, kí ẹ máa wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Tó bá ń wo igun kan ṣáá bí ẹ ṣe ń kọjá, nǹkan wà níbẹ̀.

Èkejì ni máàpù. Tí ẹ bá ti rí máàpù ilé kan mú, gbogbo ilẹ̀kùn tí ẹ bá dì mú ni James ń fi gègé pupa sàmì sí fúnra rẹ̀: èyí tó ṣí, èyí tó wà ní títì, èyí tí kò lè ṣí láéláé. Ó tún ń fi àmì sí ibi tí àlọ́ wà. Nítorí náà, ní ilé tuntun èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wá máàpù, lẹ́yìn náà kí ẹ dán gbogbo ilẹ̀kùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní àjà kan kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ilẹ̀kùn tí kò bá ní àmì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ kò tíì dé. Ìdajì àwọn tó sọ pé àlọ́ ló dá wọn dúró, ilẹ̀kùn kan ni wọn kò tíì dì mú.

Ẹ sì rántí pé nínú òkùnkùn, tí ẹ kò bá tan tọ́ọ̀ṣì, James kò lè ka máàpù. Tí ẹ bá pa iná torí kí àwọn abàmì má baà rí yín, ẹ ti fi máàpù ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn.

Òru-Ò-Molówó
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ti aago inú Wood Side, ilé onífúláàtì àkọ́kọ́ yẹn, ńkọ́? Àwọn orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀, Henry, Mildred àti Scott. Kí ni wọ́n dúró fún?

ÌyáÀlọ́
Ọwọ́ aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n. Yàrá 208 ni aago náà wà, ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú rẹ̀ wà ní títì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí kọ́kọ́rọ́ aago. Yàrá 202 ni ìyẹn wà, nínú ihò kan lára ògiri. James á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí ẹ bá gbà fún un. Ìríra ni, ṣùgbọ́n kò léwu.

Ewì náà ń júwe ẹni mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe ga sí àti bí wọ́n ṣe sanra sí. Ẹ kàn bi ara yín: ọwọ́ wo lára aago ló kúrú tó sì nípọn? Ti wákàtí. Èwo ló gùn? Ti ìṣẹ́jú. Èwo ló tín-ínrín? Ti ìṣẹ́jú-àáyá. Henry ni wákàtí, Mildred ni ìṣẹ́jú, Scott ni ìṣẹ́jú-àáyá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á rí 2 fún Mildred, á sì gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú 2 dípò kó gbé e sórí nọ́ńbà 2 lójú aago, tí í ṣe ìṣẹ́jú 10. Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni ìdáhùn. Tó bá ti jó, ẹ ti aago náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ihò wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbà yín wọ yàrá kejì. Àwọn kan yí aago náà tán, wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n wá jáde lọ wá ilẹ̀kùn tó ṣí káàkiri ilé. Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ ti aago!

Òjìji-Adágún
Láti ibẹ̀, ẹyọ owó mẹ́ta ni ẹ ó máa wá: ti Arúgbó, ti Ejò àti ti Ẹlẹ́wọ̀n. Ti Arúgbó ló ń dá àwọn èèyàn dúró jù. Ojú ihò ìdalẹ̀nù kan wà ní Wood Side tí nǹkan ti dí. Àwọn agolo ohun mímu dídùn wà tí wọ́n so pọ̀ nínú yàrá ìfọṣọ. Ẹ kó wọn, ẹ jù wọ́n sínú ihò náà. Ìwọ̀n wọn á ti ohun tó dí ọ̀nà náà sísàlẹ̀. Ẹyọ owó kò ní bọ́ sí yín lọ́wọ́ o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìta, níbi tí ìdọ̀tí ń já sí, ẹ mú un níbẹ̀. Òmíràn wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n jù sínú adágún ìwẹ̀ ní àgbàlá.

Yàrá 105 ní Blue Creek, ilé onífúláàtì kejì, ni ẹ ó ti lò wọ́n, lórí tábìlì tó ní ihò márùn-ún. Ihò 5 fún ẹyọ owó 3, ọ̀nà 60 ló wà láti tò wọ́n, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fojú bu ún. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ewì náà kì í pe owó kankan ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìnagijẹ ló ń lò. Ẹni tó tan obìnrin jẹ ni Ejò, bíi ti inú ọgbà Édẹ́nì. Ihò tó ṣófo pàápàá ní ìnagijẹ tirẹ̀, ó sì wà lára ìdáhùn. Ẹ fa ìlà márùn-ún sórí ìwé, kí ẹ máa kọ́kọ́ fi èyí tí ewì sọ pé ó wà ní ìpẹ̀kun sí àyè rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi «kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́» àti «ó wà lápá òsì» dín ìyókù kù. Nígbà tó bá tò, àpótí tábìlì á ṣí, kọ́kọ́rọ́ Lyne House á sì wà níbẹ̀.

Ẹ má fi yàrá 203 sílẹ̀ láì ti ọwọ́ bọ ilé ìgbẹ́ ibẹ̀. Àpamọ́wọ́ wà nínú ihò náà, nọ́ńbà àpótí irin sì wà nínú àpamọ́wọ́. Ọta ìbọn ló wà nínú àpótí. Kì í ṣe dandan fún ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ ó nílò ọta náà.

Kọ́kọ́rọ́Mẹ́ta
Ẹ ó nílò rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún Pyramid Head, abàmì olórí irin, lórí àtẹ̀gùn Blue Creek. Ẹ kò lè pa á níbẹ̀. Ẹ máa rìn yí i ká, ẹ má jẹ́ kó ká yín mọ́ igun, títí fèrè á fi dún tí á sì wọnú omi lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ ńlá rẹ̀ kì í yára gbéra. Tó bá ti gbé e sókè, ẹ ti ní àyè láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fún àwọn abàmì kéékèèké, ẹ fi igi tàbí irin lù wọ́n ṣubú, kí ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kò ná yín ní ọta kankan. Tí rédíò James, tó máa ń hó nígbà tí abàmì bá wà nítòsí, bá ṣì ń hó lẹ́yìn tó ṣubú, kò tíì kú. Ìbọn ìléwọ́ ń gba ọta 10, ìbọn ẹlẹ́ẹ̀kún ń gba 6, ìbọn ọdẹ ń gba 4. Ẹ ṣí àpò ẹrù kí ẹ tún un kì níbẹ̀, torí eré dúró nígbà tí àpò bá ṣí. Tí ẹ bá jẹ́ kí James kì í lójú ìjà, ó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá ni.

Òru-Ò-Molówó
Mo dúpẹ́. Ilé ìwòsàn Brookhaven ló kàn báyìí. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì dè, àgádágodo sì pọ̀ lára rẹ̀. Nọ́ńbà tí àwọn èèyàn ń pín káàkiri fún un kò ṣiṣẹ́.

Òjìji-Adágún
Kò lè ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ńbà àpótí yẹn ń yí padà láti eré kan sí òmíràn. Nọ́ńbà ẹlòmíì, ti ẹlòmíì ni.

Yàrá S14 ni àpótí náà wà. Títì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, méjì ń lo kọ́kọ́rọ́, méjì ń lo nọ́ńbà. Àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ni èyí tó ní akọ màlúù aláwọ̀ àlùkò àti èyí tó ní ojú aláwọ̀ aró. Ní ti nọ́ńbà, ọ̀kan wà lára bébà kábọ́ọ̀nù tí ẹ ó rí nínú ilé ìwòsàn, èkejì ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ sára ògiri yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bò. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bébà náà máa wà nínú àpò yín, ẹ lè tún un wò. Ti ara ògiri ní láti mú yín padà rìn lọ sókè.

Kọ́kọ́rọ́Mẹ́ta
Ibi tó kàn lẹ́yìn àpótí náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo géèmù náà. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà àgádágodo mẹ́rin, ẹ ṣí i, kí ni ẹ rí? Fọ́nrán irun kan. Òun náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn kò rí nǹkan gidi, wọ́n wá padà lọ wá àpótí mìíràn.

Ẹ ti rí abẹ́rẹ́ kan tó ti tẹ̀ nínú béárì ọmọdé ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Ẹ lọ sí yàrá ìwẹ̀ ní àjà kẹta, ẹ wo ojú ihò omi ìsàlẹ̀: nǹkan kan ń dán nínú rẹ̀ tí ọwọ́ James kò lè dé. Ẹ ṣí àpò ẹrù, ẹ so irun àti abẹ́rẹ́ pọ̀, ó ti di ìwọ̀ ẹja nìyẹn, kí ẹ lò ó lórí ihò omi náà. Kọ́kọ́rọ́ lífìtì ló máa fà jáde. Tí ẹ bá lo irun nìkan tàbí abẹ́rẹ́ nìkan, kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Àwọn ohun tí ẹ ń so pọ̀ báyìí wà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta nínú géèmù, ibi tí èèyàn sì ti ń gbàgbé pé ó ṣeé ṣe ni ó ti ń há.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ṣe é. Irun tí wọ́n fi títì mẹ́rin ṣọ́! Ẹni tó tì í mọ́ àpótí ti sọ ohun tó ń ṣe é lọ́kàn fún wa láì sọ̀rọ̀ kankan. Àlọ́ tó dára kì í kàn jẹ́ ìdènà lójú ọ̀nà.

Òru-Ò-Molówó
Ọ̀rọ̀ ti ń yé mi sí i. Ó ku ìbéèrè kejì: ìparí.

Ẹ̀bá-Toluca
Èyí gba àlàyé díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lẹ́ẹ̀kíní tí ẹ bá gbá géèmù náà, ìparí mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀: Leave, In Water àti Maria. Kò sí ibi tí ẹ ti ń yan. Géèmù náà ń ṣọ́ ìwà yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ka máàkì fún ìparí kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá wúwo jù ló máa bá yín. Gbogbo ohun tó ń kà jẹ́ ohun tí ó lè fi mọ irú ọkàn tí James yín ní: ṣé ó fẹ́ wà láàyè, ṣé ó ṣì ń ronú nípa Mary, àbí Maria, obìnrin tó jọ Mary tí ó pàdé nílùú náà, ló ti gba ọkàn rẹ̀?

In Water jẹ́ ti ẹni tí kò bìkítà fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ohun tó ń fà á jù ni kí ẹ máa rìn káàkiri pẹ̀lú ọgbẹ́ láì tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọ̀jáfáfá ló ń bá pàdé jù láì mọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè yẹra fún abàmì, wọ́n wá ń fi oògùn pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Àfikún rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣí àpò ẹrù láti wo ọ̀bẹ Angela, obìnrin kan tí James pàdé, kí ẹ ka ìwé àkọsílẹ̀ orí òrùlé ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó wà nínú gbohùngbohùn àfisétí (headphone) inú yàrá ìkàwé òtẹ́ẹ̀lì.

Leave ni òdìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń farapa ni kí ẹ máa tọ́jú ara yín, ẹ má jẹ́ kí ara James wà ní búburú fún ìgbà pípẹ́. Ẹ máa wo fọ́tò Mary àti lẹ́tà rẹ̀ nínú àpò ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ọ̀nà gígùn kan wà tí ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn Mary àti James. Ẹ dúró níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán pátápátá kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

Ti Maria: ẹ dúró tì í, ẹ má sáré fi í sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí abàmì lù ú, ẹ̀yin náà ẹ má kọlù ú. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá S3 nílé ìwòsàn, ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Labyrinth, ibi ọ̀nà dídíjú abẹ́ ilẹ̀ náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i nínú àhámọ́, ẹ gbìyànjú láti padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ kan fọ́tò àti lẹ́tà Mary.

Nítorí náà, Òru, tó bá ń já sí In Water ṣáá, ẹ yẹ oògùn tó kù nínú àpò wò nígbà tí eré bá parí. Bí health drink, oògùn mímu, bá kún ibẹ̀ bí ilé ìtajà, ìdí nìyẹn.

ÌyáÀlọ́
Àlàyé yìí dára, mo kàn fẹ́ yẹ apá kan wò pẹ̀lú yín. Àwọn èèyàn ti sọ ọ̀bẹ Angela di èèwọ̀, pé tí èèyàn bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Máàkì ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó wo ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀kan ṣùgbọ́n tó ń tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa, tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ọ̀nà gígùn yẹn tán, ṣì lè rí Leave. Ìtọ́jú ara ló wúwo. Ẹ má bẹ̀rù láti ka ìwé tàbí wo ohun tó wà nínú géèmù náà nítorí ìparí. Ẹ ó pàdánù ìtàn.

Ẹ̀bá-Toluca
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ní kí ẹni tó fẹ́ Leave lọ́ranyàn fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀ fún eré kejì, torí kò sí ibi tí a ti ń lò ó ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbá a fúngbà àkọ́kọ́, mo gbà pẹ̀lú yín: kó wo gbogbo rẹ̀.

Òru-Ò-Molówó
Yàrá kòkòrò ńkọ́? Lábẹ́ ilé ìtàn ìlú. Ilẹ̀kùn tì, kòkòrò ń bo James, nọ́ńbà ń tàn lára ògiri.

Òjìji-Adágún
Mẹ́ta péré nínú àwọn nọ́ńbà náà ló ń tàn. Àwọn mẹ́ta yẹn ni ìdáhùn, títò wọn nìkan ni ẹ kò mọ̀. Mẹ́ta kò lè tò ju ọ̀nà 6 lọ: 1-2-3, 1-3-2, 2-1-3, 2-3-1, 3-1-2, 3-2-1, ẹ kàn fi tiyín rọ́pò. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, torí jìnnìjìnnì kòkòrò ló ń mú kéèyàn tẹ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi ọta ṣòfò lórí wọn.

Nínú ẹ̀wọ̀n Toluca tó tẹ̀ lé e, wàláà mẹ́ta ni ẹ ó wá: ti Aninilára, ti Ẹlẹ́dẹ̀ Alájẹkì àti ti Obìnrin Atannijẹ. Ẹ fi wọ́n sí àyè wọn lórí pèpéle ìyẹgi ní àgbàlá, ẹ ó rí pátákò ẹṣin. Ẹ mú un dání pẹ̀lú ère ìda àti ìṣáná onígáàsì. Ilẹ̀kùn ilẹ̀ kan wà tí kò ní ibi ìdìmú. James á yọ́ ìda náà, á fi lẹ pátákò mọ́ ilẹ̀kùn, ó ti di ọwọ́ ìdìmú. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Èyí tí àwọn èèyàn sábà ń fò ni ère ìda, torí ó kéré, ó sì jọ ohun ìṣeré lásán.

Ní Labyrinth, yàrá kan wà tí wọ́n so ẹni mẹ́fà rọ̀ sí, ẹ̀ṣẹ̀ kálukú wà lára wọn. Okùn mẹ́fà wà nínú yàrá kejì. Ẹ ka ewì, ẹ wá ẹni tí kò jẹ̀bi, ẹ fa okùn tirẹ̀, kí ẹ padà sí yàrá àkọ́kọ́. Tó bá tọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà nílẹ̀. Tí kò bá tọ̀nà, abàmì ló ń dúró dè yín, nítorí náà ẹ kì ìbọn kí ẹ tó padà.

Àgbàlagbà-Kọ̀ǹpútà
Ẹ̀yà wo ni ẹ ń gbá? Ó ṣe pàtàkì, kò sì sẹ́ni tó tíì bi yín.

Tí ó bá jẹ́ àtúnṣe tí Bloober Team ṣe, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹ má lo ìdáhùn tó wà lókè yìí. Wọ́n tún àwọn àlọ́ náà gbé kalẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọwọ́ aago lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lè yí i, nígbà tí ti 2001 ti ní wọn lára.

HD Collection ti ọdún 2012 fún PlayStation 3 àti Xbox 360 ní àlọ́ kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní dá a lábàá fún ẹnikẹ́ni. Kóòdù tí kò pé ni wọ́n fi ṣe é. Kùrukùru fẹ́lẹ́ tàbí kó má sí níbi tó yẹ kó wà, ojú adágún wá ń hàn bí ohun tí wọn kò parí. Kùrukùru yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ló ń jẹ́ kí rédíò ṣiṣẹ́ lára yín, torí ẹ ń gbọ́ abàmì kí ẹ tó rí i. Tí ẹ bá ti ń rí i láti ọ̀nà jíjìn, rédíò ti di ariwo lásán.

Fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀yà àtijọ́ ń dá dúró tàbí kí ohùn rẹ̀ máa tún ara rẹ̀ sọ lórí ẹ̀rọ òde òní, nítorí wọn kò ṣe é fún pròsẹ́sọ̀ tó ní kọ́ọ̀ púpọ̀. Ìwòsàn àtijọ́ ni láti fi dè é mọ́ kọ́ọ̀ kan ṣoṣo: ẹ bẹ̀rẹ̀ géèmù, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Details, ẹ tẹ orúkọ géèmù náà pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún, Set affinity, kí ẹ fi CPU 0 nìkan sílẹ̀. Ẹ ó máa ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i. Èyí tó dára jù ni Enhanced Edition tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún èyí ṣe, ó tún jẹ́ kí ó fẹ̀ dé etí ojú ẹ̀rọ, ó sì dá kùrukùru padà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe géèmù fúnra rẹ̀: fáìlì ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbé e lé e lórí.

Òru-Ò-Molówó
Ti 2001 lórí PlayStation 2 ni, ẹ̀gbọ́n. Lífìtì àwọn òṣìṣẹ́ ní Lakeview Hotel ló kù. Ó ń pariwo, kò gbéra.

Kọ́kọ́rọ́Mẹ́ta
Ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbé. Ẹ wo pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo ẹrù yín sórí rẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀: ìbọn, oògùn, tọ́ọ̀ṣì, rédíò, máàpù. Ẹyọ kan péré tó bá kù, kò ní gbéra. Ẹ ó máa rìn ní ìsàlẹ̀ láì ní ohun ìjà àti láì ní rédíò tó ń kìlọ̀ fún yín, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ lo health drink bí ara kò bá le, kí ẹ sì tọ́jú eré pamọ́ sórí àmì pupa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ kò ní láti jà níbẹ̀. Ẹ sáré kọjá. Ẹ ó tún padà rí ẹrù yín kó.

Bí agolo kan bá sì wà lọ́wọ́ yín ní òtẹ́ẹ̀lì tí kò wúlò fún nǹkan kan, ẹ wá ohun ìṣígolo, kí ẹ so méjèèjì pọ̀. Gílóòbù iná ló wà nínú rẹ̀.

Àgbàlagbà-Kọ̀ǹpútà
Ìparí Rebirth àti ti ajá ńkọ́? Ẹ̀bá-Toluca kò mẹ́nu bà wọ́n.

Ẹ̀bá-Toluca
Eré kejì ni wọ́n jẹ́, lórí fáìlì tí ẹ ti parí lẹ́ẹ̀kan.

Rebirth ń béèrè ohun mẹ́rin: White Chrism ní Blue Creek, Book of Lost Memories nínú àpótí ìwé ìròyìn ní ilé epo Texxon, Obsidian Goblet ní ilé ìtàn ìlú, àti Book of Crimson Ceremony nínú yàrá ìkàwé òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ kò ní rí wọn rárá ní eré àkọ́kọ́, ẹ má wulẹ̀ wá wọn. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé lọ́wọ́ yín, máàkì yòókù kò já mọ́ nǹkan mọ́. Rebirth ló máa bá yín. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ìparí mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ ló tún ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n sì ń gbàgbé jù ni ti ilé epo, torí ojú ọ̀nà ìgboro ló wà, ẹ kò sì lè padà sígboro nígbà tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ilé ìtàn ìlú.

Ti ajá: ẹ gbọ́dọ̀ ti rí Rebirth, tàbí kí ẹ ti rí Leave, In Water àti Maria ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́rọ́ kan á wà nínú ilé ajá nítòsí Jack's Inn. Ẹ gbé e dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ gun àjà kẹta, ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn Observation Room. Ẹ tọ́jú eré pamọ́ sórí fáìlì mìíràn kí ẹ tó ṣí i, torí ibẹ̀ ni eré ti máa parí lójú ẹsẹ̀.